Kọ́ìn Nero mi ń yọ ẹ̀fun aláwọ̀ ewé, kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra kọ́ìn Nero, ọba Róòmù àtijọ́, kan ní London níbí, dupondius (oríṣi kọ́ìn Róòmù kan) ni ẹni tó tà á fún mi pè é, ara ẹ̀ dúdú dáadáa nígbà tí mo gbà á, àmọ́ báyìí nǹkan aláwọ̀ ewé ń yọ lábẹ́ àgbọ̀n ọba, tí mo bá fọwọ́ kàn án ńṣe ló ń dà bí àtíkè. Ṣé kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ àbí Brasso, oògùn tí wọ́n fi ń dán irin, bó o?

Ìdáhùn: Háà, àbúrò, jọ̀ọ́ gbé ọsàn yẹn sọ́hùn-ún! Àwọ̀ dúdú tó le tó sì ń dán yẹn, òun ló ń dáàbò bo kọ́ìn náà, tó o bá bó o kúrò, iyì ẹ̀ ti lọ nìyẹn, kò sì ṣeé dá padà. Èyí tó ń dà bí àtíkè ni ká jọ bá jà. Bronze disease ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe kòkòrò ló ń fà á o, chloride inú iyọ̀ tó ti wọ̀ ọ́ lára látinú ilẹ̀ ni, tí afẹ́fẹ́ tó ní ọ̀rinrin bá ti kàn án á di ásíìdì, á máa jẹ bàbà inú ẹ̀, chloride yẹn á tún jáde, á tún bẹ̀rẹ̀, kò ní dúró fúnra ẹ̀.

Fi igi ìtayín rọra hó ẹ̀fun yẹn kúrò, kó o wá rẹ kọ́ìn náà sínú omi distilled (omi tí wọ́n sè, tí wọ́n wá gba oruku ẹ̀ kó lè mọ́), máa pààrọ̀ omi yẹn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Má lo omi ẹ̀rọ, chloride wà nínú òun náà. Tó bá ti jìn wọnú, gbé e fún àwọn conservator, ìyẹn àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú nǹkan àtijọ́.

Ìbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Ṣé kí n ha etí ẹ̀ díẹ̀ kí n lè rí irú irin tó wà nínú ẹ̀, kí n fi mọ̀ bóyá dupondius ni lóòótọ́?

Ìdáhùn: Rárá o! Wo orí ọba: tó bá dé adé onítànṣán bí oòrùn, dupondius ló sábà máa ń jẹ́, nígbà Nero ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi adé yẹn sí i, iye ẹ̀ sì jẹ́ as méjì, as náà jẹ́ kọ́ìn Róòmù. Òótọ́ ni pé idẹ ni wọ́n fi ń ṣe dupondius, bàbà àti zinc, tí as sábà máa ń jẹ́ bàbà pupa, àmọ́ Nero fi idẹ ṣe as náà, ìyẹn ni pé o lè ha á tán kó má sọ nǹkan kan fún ẹ.

Tó bá ti gbẹ dáadáa, fi sínú ike tó dé pa pẹ̀lú silica gel, àwọn hóró kéékèèké tó ń fa ọ̀rinrin mu, kó o máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù.