Inú Rírun Ọlọ́jọ́ Pípẹ́: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàárín Àgbo àti Oògùn Òyìnbó

Bí ẹ bá gba Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta kọjá ní kùtùkùtù, ẹ ó rí àwọn ìyá alágbo tí wọ́n ti to ìgò sínú abọ́, tí ìkòkò wọn ṣì ń rú èéfín lábẹ́ ọmọrí. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi oníbàárà kì í ju ẹyọ kan lọ: “Ṣé jẹ̀dí ni, àbí ibà?” Oníbàárà á dáhùn, wọn á bu ife kan fún un, á gbé e mu lórí ìdúró, á sì gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. N kò sọ èyí láti bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn ìyá náà, nítorí àgbo ni wọ́n fi tọ́ èmi gan-an dàgbà. Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni pé láàárín ìbéèrè àti ìdáhùn kékeré yẹn, ẹni tí inú ń run ti fún àìsàn rẹ̀ lórúkọ, ó sì ti yan oògùn, kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Àṣìṣe tí ó bí gbogbo àṣìṣe yòókù nìyẹn: à ń jiyàn lórí èwo ló dára jù nínú àgbo àti oògùn òyìnbó nígbà tí a kò tíì mọ ohun tí à ń wò.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, jẹ̀díjẹ̀dí. Lẹ́nu wa, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, jẹ̀dí ni. Ìdí yíyọ, jẹ̀dí ni. Ìgbẹ́ ọ̀rìn, ẹ̀yìn ríro, inú kíkùn, kódà kí agbára ọkùnrin dínkù, jẹ̀dí náà ni, ṣúgà ni a sì máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Orúkọ kan ṣoṣo ni a fi ń pe àìsàn tí kò bá ara wọn tan. Ẹ̀jẹ̀ tí ń jáde pẹ̀lú ìgbẹ́ lè wá láti inú iṣan ìdí tí ó wú, èyí tí kì í sábà pa ènìyàn. Ó lè jẹ́ iṣẹ́ kòkòrò àrùn. Ó lè jẹ́ pé ara ìfun ńlá fúnra rẹ̀ ni ó ń bó, tí ó ń wú, tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó sì lè jẹ́ àrùn jẹjẹrẹ ìfun, tí kì í sábà mú ìrora kankan wá ní ìbẹ̀rẹ̀. Ife àgbo kan náà kò lè bá gbogbo wọn mu. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn kì í hàn lójú lásán. Ìgbà mìíràn, àfi kí dókítà ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní kámẹ́rà lẹ́nu wọ inú ìfun kí ó tó rí i.

Bákan náà ni ó rí lókè ikùn. Gbogbo ohun tí ó bá ta wá láàárín àyà àti ìdodo ni a máa ń pè ní ọgbẹ́ inú. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ omi kíkan tí ń ti inú àpòlúkù gòkè wá sí ọ̀nà ọ̀fun, ó lè jẹ́ òkúta inú òróòro, ó lè jẹ́ ẹ̀dọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ọgbẹ́ lóòótọ́, ebi àti ata kọ́ ni olórí ohun tí ń fà á, bí wọ́n tilẹ̀ lè mú kí ó ta ènìyàn. Ní ọdún 1982, Barry Marshall àti Robin Warren, àwọn dókítà méjì ní ìlú Perth ní Ọsirélíà, rí kòkòrò àrùn kan tí à ń pè ní Helicobacter pylori nínú àpòlúkù àwọn aláìsàn. Àwọn ènìyàn kò kọ́kọ́ gbà wọ́n gbọ́, débi pé ní 1984 Marshall fúnra rẹ̀ mu omi tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀, àpòlúkù rẹ̀ sì wú. Ní 2005, wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel. Kòkòrò yìí ni olórí ohun tí ń fa ọgbẹ́ inú. Èkejì rẹ̀ ni oògùn ara ríro bíi ibuprofen, diclofenac, piroxicam àti aspirin, tí wọ́n ń dí ohun tí ń mú kí àpòlúkù máa ṣe ìbora ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi oúnjẹ aláta sílẹ̀ fún odidi ọdún kan, tí ó sì ń ra oògùn ara ríro ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ̀tẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá.

Mo rí èyí nínú ilé tiwa. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ń ta àdìrẹ ní Ìtọ̀kú, kí ó tó máa tà á ni ó ti máa ń rẹ ẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ̀yìn sì máa ń ro ó nítorí ìbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Oògùn ẹ̀yìn ríro kò tán nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀ rí. Nígbà tí òkè ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í ta á lóru, ó ní jẹ̀dí ni, wọ́n sì júwe àgbo kan tí wọ́n fi kánún sè fún un. Àgbo náà ṣiṣẹ́, èmi náà jẹ́rìí sí i: kí ó tó gbé ife kalẹ̀ ni ojú rẹ̀ máa ń tú ká. Ọdún méjì gbáko ni ó fi ń mu ún. Ohun tí kò yé wa nígbà náà ni pé kánún máa ń pa omi kíkan inú àpòlúkù lójú ẹsẹ̀, bí eérú ṣe ń pa kíkan ọsàn. Ìrora á lọ, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ kò kúrò níbi tí ó wà, kòkòrò kò kú, oògùn ẹ̀yìn ríro kò sì dáwọ́ iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Àṣìṣe kan tí ó ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ibi nìyí: fífi ìdẹ̀ra díwọ̀n ìwòsàn. Oògùn òyìnbó náà lè tan ènìyàn jẹ bẹ́ẹ̀, nítorí omeprazole, oògùn tí ń dín omi kíkan inú àpòlúkù kù, lè mú ìrora kúrò lára ẹni tí àrùn jẹjẹrẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú àpòlúkù rẹ̀, kí ó sì fi oṣù púpọ̀ ṣòfò.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, ó sì ń lẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní àgbo ti ń fọ ìdọ̀tí jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́: bí kì í bá ṣe pé ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ó ní irin tàbí oògùn bismuth, ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà sábà máa ń jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dà nínú àpòlúkù tàbí ní òkè ìfun. Ní ọjọ́ kejì, ó ṣubú lẹ́bàá ìkòkò aró, a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà bi í pé, “Mọ́mì, ṣé ẹ ń lo àgbo kankan?” Ó ní, “Rárá o, ọmọ mi.” Ìgò náà wà nínú báàgì tí mo gbé sórí itan, ó sì ń rùn dé ibi tí mo jókòó sí. Èmi ni mo mú un jáde.

Kí a tó dá a lẹ́bi pé ó parọ́, ó yẹ kí a mọ ìdí. Nígbà kan rí, ó sọ òótọ́ ní ibòmíràn, nọ́ọ̀sì kan sì jágbe mọ́ ọn lójú gbogbo ènìyàn. Òṣìṣẹ́ ìlera tí ó bá ń kọ ohùn líle sí aláìsàn nítorí àgbo ń kọ́ ọ bí a ṣe ń parọ́ ni, àṣìṣe tirẹ̀ sì wúwo ju ti aláìsàn lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi àgbo pamọ́ ni ó máa ń jìyà rẹ̀. Bí a bá kọ metronidazole, tí ó jẹ́ apakòkòrò, fún ọ, tí àgbo tí ò ń mu sì jẹ́ èyí tí wọ́n rẹ sínú ògógóró, ìkìlọ̀ wà lórí oògùn náà pé kò gbọdọ̀ bá ọtí pàdé. Kánún kún fún iyọ̀ sodium, èyí tí kò dára fún ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Atalẹ̀ àti aáyù tí ó bá pọ̀ ju ti inú ọbẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára ẹni tí ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Àgbo tí ń mú ènìyàn yàgbẹ́ lójoojúmọ́ ń gbọn omi àti èròjà potassium dànù, ọkàn sì nílò èròjà náà kí ó tó lè lù dáadáa.

Ọ̀rọ̀ “ewé ni, kò lè pa ènìyàn lára” tún wà níbẹ̀. Àwọn ẹlẹ́wé ọmọ tí wọ́n mọ iṣẹ́ wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ ewé tí a kì í fún aláboyún àti ewé tí a kì í sè pọ̀. Àwọn tí ń ta oògùn onílẹ́ẹ̀lì nínú ọkọ̀ ni wọ́n máa ń sọ ọ́, pé ìgò kan wo ọgbẹ́ inú, ìtọ̀ ṣúgà àti àìrọ́mọbí. Ní ọdún 2022, àjọ tí ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa oògùn oríkèé ríro kan tí ń jẹ́ Artri King, tí wọ́n ń tà bí ohun tí a fi ewé ṣe: wọ́n bá diclofenac àti dexamethasone (irú oògùn steroid kan) nínú rẹ̀, tí wọn kò kọ wọ́n sára lẹ́ẹ̀lì. Diclofenac yìí kan náà ni ó ń dá ọgbẹ́ sí inú. Ẹni tí ó sá fún oògùn òyìnbó nítorí àpòlúkù rẹ̀ lè tipa bẹ́ẹ̀ gbé e mì láìmọ̀. Nọ́ńbà NAFDAC dára láti wò, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ oògùn ìbílẹ̀, ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ ni pé àjọ náà ti kọ ọjà náà sínú ìwé rẹ̀. Ẹ ka ìlà kékeré ìsàlẹ̀, ẹ ó bá a níbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí olóògùn ń sọ wò.

Àṣìṣe òdìkejì ni kí a ní ewé kò ní iṣẹ́ kankan. Irọ́ ni. Ní 2023, àwọn oníwádìí ní Thailand tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 206 tí inú wọn ń kún, tí òkè ikùn wọn ń ta wọ́n, ṣùgbọ́n tí wọn kò ní ọgbẹ́. Èròjà inú atalẹ̀ pupa dẹ ara wọn lára bí omeprazole ṣe dẹ ẹ́. Ẹ kíyè sí i pé wọ́n kò ní ọgbẹ́. Ìwádìí náà kò sọ pé atalẹ̀ pupa ń pa Helicobacter. Òróró peppermint máa ń dẹ ìfun tí ń fún ènìyàn, ṣùgbọ́n ó lè mú kí àyà títa burú sí i fún ẹni tí omi kíkan ń gòkè lára rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà dúdú dáàbò bo àpòlúkù eku nínú ìwádìí, eku sì ni eku. Ewé kan lè dára fún àìsàn kan, kí ó sì burú fún èkejì tí ó ń gbé nínú ikùn kan náà, ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ orúkọ àìsàn.

Ní ti oògùn òyìnbó, àṣìṣe wa pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Oògùn tí a fi ń pa Helicobacter máa ń jẹ́ apakòkòrò méjì pẹ̀lú omeprazole tàbí irú rẹ̀, fún ọjọ́ 14. Ní ọjọ́ karùn-ún, tí ẹnu bá ti ń korò, tí ìrora sì ti lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn á dá a dúró. Àwọn kòkòrò tí ó le jù ni ó ṣẹ́ kù sínú nígbà náà, oògùn kan náà kò sì ní ràn wọ́n mọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Omeprazole, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ ni à ń lò ó. Ẹni tí ó bá jẹ láfún tán kí ó tó gbé e mì ti dín agbára rẹ̀ kù. Lílo rẹ̀ fún ọdún méjì, mẹ́ta láìsí àṣẹ dókítà kò dára, bẹ́ẹ̀ ni dídá a dúró lójijì lẹ́yìn tí ó ti pẹ́ lára, nítorí omi kíkan á tún pọ̀ sí i fún ìgbà díẹ̀, ènìyàn á sì rò pé àìsàn ti padà. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ Helicobacter láti mọ̀ bóyá ẹ ti sàn: ohun tí ara fi bá kòkòrò náà jà ni ó ń wá, ìyẹn sì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ tàbí ti èémí ni ó ń sọ òótọ́, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn apakòkòrò àti ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn omeprazole.

Àwọn àmì kan wà tí kò yẹ kí ènìyàn fi àgbo tàbí oògùn kẹ́míìsì dán wò rárá: ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, èébì ẹ̀jẹ̀ tàbí èébì tí ó dà bí ẹ̀tù kọfí, oúnjẹ tí kò gba ọ̀fun kọjá mọ́, ara tí ń rù láìnídìí, ojú tí ó pọ́n bí atalẹ̀ pupa, àti inú rírun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 50. Fún èébì ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ dúdú, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òru.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi parí oògùn ọjọ́ 14 náà, ó fi oògùn ẹ̀yìn ríro yẹn sílẹ̀, ó sì dúró títí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin fi pé kí ó tó ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́. Wọn kò rí kòkòrò kankan mọ́. Ní ọjọ́ tí a lọ gba èsì, ó gbé ìdì ẹfinrin kan jáde láti inú báàgì, ó gbé e ka orí tábìlì dókítà, ó sì bi í bóyá òun lè máa sè é mu nígbà tí inú bá kún òun. Dókítà gbóòórùn rẹ̀, ó béèrè ohun tí ó fẹ́ fi sè é. Ó ní omi lásán ni, kò sí kánún, kò sí ọtí. Dókítà ní kò burú, ó sì kọ ẹfinrin sínú káàdì rẹ̀, lábẹ́ orúkọ àwọn oògùn yòókù.