Bí mo ṣe so purotéènì mọ́ ojú góòlù

Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni kí purotéènì dúró gbọin-in lórí góòlù, kí omi má fọ̀ ọ́ lọ. Góòlù yìí kì í ṣe ti ẹ̀gbà ọrùn o, gíláàsì pẹlẹbẹ ni wọ́n fi góòlù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò, titanium díẹ̀ ló wà láàárín wọn torí góòlù kì í lẹ̀ mọ́ gíláàsì dáadáa.

Mo kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Àwọn kan máa ń lo piranha, ìyẹn àdàlù sulfuric acid àti hydrogen peroxide, mi ò sún mọ́ ọn, acetone kán sí nǹkan yẹn báyìí ó lè bú gbàmù, UV-ozone (ìmọ́lẹ̀ UV àti ozone tó ń jẹ ìdọ̀tí) ni mo lò, mo wá fi ethanol ṣàn án.

Ó wá kan thiol, ìyẹn àwọn molecule tó ní sulfur. Sulfur tó wà ní ìdí ẹ̀ ló máa lọ lẹ̀ mọ́ góòlù fúnra ẹ̀, ara tó kù á nà sókè, gbogbo wọn á tò ṣìkìtì bíi irun búrọ́ọ̀ṣì, síbẹ̀ wọn ò nípọn tó nanometer 2. Láti 1983 ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì Nuzzo àti Allara ti gbé irú ẹ̀ jáde, disulfide (sulfur méjì tó so pọ̀) làwọn lò. Èmi po 11-mercaptoundecanoic acid (thiol tí acid wà lókè ẹ̀, ibẹ̀ ni purotéènì máa so mọ́) mọ́ thiol mìíràn, mercaptohexanol, nínú ethanol, àpapọ̀ 1 mM, mo fi góòlù sínú ẹ̀ mọ́jú. Ẹ ṣe é nínú fume hood (àpótí tó ń fa èéfín jáde) ẹ jọ̀ọ́, òórùn ẹ̀ ò ṣe é fẹnu sọ!

Kí ló dé tí mo fi pò ó? Tó bá jẹ́ acid nìkan ló kún ibẹ̀, wọ́n á há mọ́ra wọn débi pé EDC, kẹ́míkà tó ń ta acid jí kí purotéènì lè so mọ́ ọn, ò ní ráyè ṣiṣẹ́, purotéènì sì tóbi jù wọ́n lọ fíìfíì. Mercaptohexanol kúrú, kò bá ẹnikẹ́ni fa nǹkan kan, àyè ló kàn ń fi sílẹ̀, òun ni mo jẹ́ kó pọ̀ jù, lójú tèmi òun gan-an ló ni iṣẹ́ yẹn.

Mo kán omi sí i láti fi yẹ̀ ẹ́ wò, omi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ká ní methyl, tí kò fẹ́ràn omi, ló wà lókè ni, omi á ká jọ, igun tí etí ẹ̀ bá ojú ibẹ̀ ṣe á tó 110°.

Ibi tí eré wà nìyí: EDC àti NHS, olùrànlọ́wọ́ ẹ̀, nínú MES (buffer, ìyẹn omi tó ń di pH mú), pH 5.5. EDC á mú acid, NHS á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, á di ester, kó lè pẹ́ díẹ̀, àmọ́ omi náà ń jẹ ester yẹn, nítorí náà mo ṣàn án kíá mo da purotéènì lé e nínú PBS, buffer mìíràn, pH 7.4, kí amine tó wà lára ẹ̀ lè so mọ́ ester náà. Ẹ má lo buffer Tris láéláé, amine wà lára òun náà, òun láá gba ipò purotéènì. Mo wá fi ethanolamine, amine kékeré kan, dí àwọn ester tó kù.

Mo ṣe òmíràn tí mi ò fi EDC sí, mo fi Tween 20, irú ọṣẹ kan, fọ àwọn méjèèjì. Ti aláìní EDC ṣí lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, èkejì dúró.