Ẹ Má Tíì Sanwó Ṣáwà Yẹn: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Táàpù, WC àti Ṣáwà Tó Ń Ṣún Omi Lò

Àbúrò mi tó wà ní Houston ló fi ṣáwà kan ránṣẹ́ sí mi, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi èyí sílé, ẹ ò ní máa fa omi lójoojúmọ́ mọ́." Ṣáwà yẹn rẹwà, ó ń dán yinrin. Pulọ́mbà bá mi fi í sókè, mo wọlé lọ wẹ̀, mo ti fi ọṣẹ para tán kí n tó mọ ohun tí mo fi ṣe ara mi, omi ń kán tó, tó, tó bí ìgbà tí òrùlé ń jò, ojú ń ta mí, mo ń pariwo kí wọ́n bá mi gbé omi sí bọ́kẹ́ẹ̀tì wá.

Kò sóhun tó ṣe ṣáwà o, èmi ni mi ò ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀. 2.5 gpm ni wọ́n kọ, ìyẹn bíi lítà 9.5 ní ìṣẹ́jú kan, àmọ́ 80 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn bí omi ṣe ń tì lágbára tó) ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n l'Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún. Kẹ́ ẹ tó lè rí 80 psi láìlo pọ́ǹpù, omi inú táǹkì yín gbọ́dọ̀ fi bíi mítà 56 ga ju ṣáwà lọ! Táǹkì tèmi tó wà lórí irin lẹ́yìnkùlé, bóyá ló fi mítà 3 ga jù ú lọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù rèé, ká máa fojú ra ọjà láìmọ bí omi ilé ẹni ṣe lágbára tó. Ẹ tú ṣáwà tó wà níbẹ̀, ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ́ńtì onílítà 20 sábẹ́ páìpù, ẹ fi fóònù ka ìṣẹ́jú. Tó bá kún ní ìṣẹ́jú 2, lítà 10 lẹ ní ní ìṣẹ́jú kan, ẹ ṣì lè rí nǹkan dín kù níbẹ̀. Tó bá tó ìṣẹ́jú 4 kó tó kún, omi yín ti ń ṣún ara ẹ̀ lò fúnra ẹ̀ nìyẹn, kí lẹ tún fẹ́ dín kù? Èyí tí wọ́n kọ low pressure sí, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe fún omi tí kò lágbára, ni kẹ́ ẹ wá, àbí kẹ́ ẹ gbé táǹkì ga sí i. Àwọn kan á wá lọ ra pọ́ǹpù míì tí á máa ti omi sínú ṣáwà tí wọ́n rà torí kí wọ́n lè dín ìnáwó kù, ẹ gbà mí o.

Ọ̀rọ̀ WC ló tún ń dùn mí jù. Àwọn tàtijọ́ ń gba lítà 9, òmíì gba 13, oníbọ́tìnnì méjì tó wà níta báyìí ń lo bíi 3 fún ìtọ̀, 6 fún ìgbẹ́. (Àlejò á ṣì tẹ méjèèjì pọ̀ ṣá.) Ibi tí wàhálà wà ni pé ẹlòmíì á dé ọjà Ọdúnadé ní Orílé l'Ékòó, á ra àwo ìjókòó lọ́tọ̀, á ra táǹkì ẹ̀yìn ẹ̀ lọ́tọ̀ torí pé ó dín owó, wọ́n á ní "ọ̀gá, yóò bára mu." Á bára mu lóòótọ́, kò ní jò, àmọ́ àwo tí wọ́n ṣe fún lítà 9, lítà 6 ò lè gbá a mọ́, ẹ óò tún un tẹ̀, ó ti di 12 nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni tàwọn tó ń ki búlọ́ọ̀kù sínú táǹkì WC kí omi tó ń gbà lè dín kù. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà jẹ irú ìyà yìí lẹ́yìn òfin 1992 tó ní WC tuntun ò gbọdọ̀ lò ju gálọ́ọ̀nù 1.6 (bíi lítà 6) lọ, ìgbà tí wọ́n tún inú àwo ṣe ni ara tó rọ̀ wọ́n. Inú páálí kan náà ni kẹ́ ẹ ti ra àwo àti táǹkì ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó sanwó pàápàá, ẹ ṣí táǹkì WC náà, ẹ wo rọ́bà inú ẹ̀ tó ń dí ojú ihò tí omi ń gbà bọ́ sínú àwo, ẹ bi wọ́n pé ṣé ẹ lè rí rọ́bà yẹn rà lọ́tọ̀. Tèmi bàjẹ́ lóṣù kẹjọ, mo wá a wá a, mi ò rí irú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ni mo pààrọ̀. Ó sì ti ń jò tipẹ́ kí n tó mọ̀ torí kì í dún. Ẹ bu búlúù ìfọṣọ díẹ̀ sínú táǹkì WC lálẹ́, kẹ́nikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́, tẹ́ ẹ bá rí búlúù nínú àwo lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, rọ́bà ti lọ.

Tí omi borehole yín bá ń pọ́n bí ìpẹtà, asẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu táàpù á máa dí. Ẹ má yọ ọ́ sọnù o, òun gan-an ló ń po atẹ́gùn mọ́ omi kó má bàa tú yàà. Ẹ yọ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́jú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì, ilé ìwé àti mọ́ṣáláṣí, táàpù tó ń dá tú nígbà tó bá rí ọwọ́ dáa lóòótọ́, àmọ́ bátìrì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò, ta ló máa máa pààrọ̀ ẹ̀? Mo ti rí ibi táwọn èèyàn dúró tí wọ́n ń ju ọwọ́ sí táàpù bíi pé wọ́n ń dágbére fún un. Èyí tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń dá pa ara ẹ̀ ló sàn níbi ìṣàlùwàlá, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá tò ó sí ìṣẹ́jú àáyá 2, ẹni tó ń fọ ẹsẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ títí á fi sú u, wọ́n á wá okùn so ó mọ́lẹ̀, omi á wá tú dọjọ́ kejì. Ẹ jẹ́ kó tó 6 tàbí 7. Ilé ìtọ̀ tí kì í lo omi rárá ńkọ́? Tí kò bá sẹ́ni tẹ́ ẹ máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, òórùn ẹ̀ á lé oníbàárà.

Ará ẹ̀gbẹ́ ilé wa kan ti pààrọ̀ gbogbo táàpù ilé ẹ̀ pátá, owó ńlá ló ná, àmọ́ kò sí nǹkan tó ń pa pọ́ǹpù fúnra ẹ̀ tí táǹkì òkè bá kún, float switch tí owó ẹ̀ ò tó ti táàpù kan ṣoṣo nínú èyí tó rà. Láàárọ̀ yìí náà, omi ń ya sílẹ̀ láti òkè, gbogbo àdúgbò ń pariwo, "Ẹ pa pọ́ǹpù o!"