Ẹ yé fi « plus » tan ọmọ jẹ: àṣìṣe tí mò ń bá nílé àwọn èèyàn ní Kétu

Ìyá kan ránṣẹ́ pè mí sílé rẹ̀ nítòsí Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin. Olùkọ́ ilé mẹ́ta ló ti sanwó fún nítorí ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà ní CE1, ìyẹn ọdún kẹta ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìwé ìdánrawò sì kún orí tábìlì. Mo ní kí ọmọ ka ìṣirò kan. Ó kà á geere ní Faransé: Àbẹ̀ní ní mángòrò 12, ó fi 5 ju ti Àkàndé lọ, mélòó ni Àkàndé ní? Kò tíì gbójú sókè tó fi ní 17. Mo bi í pé báwo ló ṣe rí i. « Olùkọ́, wọ́n kọ de plus síbẹ̀. » Ìyẹn ni « fi jù » ní Faransé.

Inú bí mi, àmọ́ kì í ṣe sí ọmọ.

Àṣìṣe kìíní nìyẹn, òun ló sì ń jẹ owó òbí jù: kí a sọ fún ọmọ pé tó bá ti rí plus kó ròpọ̀, tó bá ti rí moins, ìyẹn « dín », kó yọ kúrò. Nígbà mìíràn ó máa ń bọ́ sí i, ìdí nìyẹn tí èèyàn kì í fi í tètè fura. Tí Àkàndé bá ní 7, tí Àbẹ̀ní fi 5 jù ú lọ, a ó ròpọ̀, 12 ni. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ iye ti ẹni tó ní jù ni wọ́n sọ, tí wọ́n wá ń bèèrè ti ẹnì kejì, plus yẹn gan-an ni yóò ṣi ọmọ lọ́nà. Odidi ọdún méjì lèmi náà fi ń kọ́ ọmọ báyìí. Ọmọkùnrin kan wà tí àròpọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀, òdo ló gbà nínú irú ìbéèrè yìí. Baba rẹ̀ kò bá mi jà, ó kàn ṣí ìwé náà síwájú mi. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ní báyìí, kí ọmọ tó fọwọ́ kan nọ́ńbà, mo máa ń bi í pé: « Ta ló ní jù? » Tó bá ti dáhùn pé Àbẹ̀ní ni, òun fúnra rẹ̀ á rí i pé Àkàndé kò lè ní 17.

Àṣìṣe kejì ni kí a gbé bírò kí ọmọ tó rí nǹkan fojú. Mo da ọmọ ayò sílẹ̀ fún ọmọbìnrin yẹn. Ó to 12 sí ìlà kan fún Àbẹ̀ní, ó wá ń to ti Àkàndé sábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan sí ọ̀kan. Nígbà tó mú ìkẹjọ, ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè. Ó ka àwọn tí kò ní ẹnì kejì lókè, márùn-ún. Ó rọra dá ìkẹjọ padà.

Bí a ṣe ń béèrè náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Ní 1983, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Tom Hudson fi àwòrán ẹyẹ àti ekòló han àwọn ọmọdé. Ó bi wọ́n pé mélòó ni ẹyẹ fi pọ̀ ju ekòló lọ, ọ̀pọ̀ àwọn kékeré ṣì í. Ó wá bi wọ́n pé tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan bá fẹ́ mú ekòló kan, mélòó ni kò ní rí mú? Ọ̀pọ̀ wọn gbà á.

Ẹ má sì lé Yorùbá jáde nínú ẹ̀kọ́ nítorí pé Faransé ni wọ́n fi ń ṣèdánwò. Ọmọ tó ń pe 17 ní mẹ́tàdínlógún ti ń fi í wé ogún, mẹ́ta ló fi dín. Ẹ fi ọmọ ayò hàn án. Ẹ jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn náà tán, kó tó padà sí Faransé.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ńlá bíi 348 àti 179.

Ẹ má fi iye ọmọ tí wọ́n bí nínú ilé ṣe àpẹẹrẹ. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

Ẹ má ra ìwé ìdánrawò kẹrin nígbà tí àkọ́kọ́ kò tíì yé e.

Kí n tó kúrò lọ́jọ́ yẹn, mo ní kí ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ dá ìṣirò kan sílẹ̀ fún mi. Ó ronú díẹ̀, ó ní: « Adìyẹ ìyá àgbà jẹ́ mẹ́jọ, ó fi mẹ́ta kéré sí ti ìyá mi. Mélòó ni ìyá mi ní? » Ìyá rẹ̀ ti fẹ́ sọ pé márùn-ún. Ọmọbìnrin náà mi orí rẹ̀, ó ní: « Ìyá, ẹ̀yin lẹ ní jù. »