Bí ẹgbẹ́ kékeré ṣe lè rí owó gbà fún iṣẹ́ igbó àti omi, láti Àjàṣẹ́ dé Kétu dé Ṣábẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Wọ́n ń pè mí ṣáá ni, ẹni tó wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí ní Benin ń bi mí, ẹni tó wà ní Kétu ń bi mí, àbúrò kan ní Ṣábẹ tiẹ̀ fi vocal oníṣẹ́jú méje ránṣẹ́ lóru lórí WhatsApp, ìbéèrè kan náà sì ni gbogbo wọn ń bèèrè, pé báwo ni ẹgbẹ́ kékeré ṣe ń rí owó gbà lọ́wọ́ àwọn bailleur, àwọn àjọ tó ń fún ẹgbẹ́ lówó, fún iṣẹ́ igbó, omi àti ojú ọjọ́ tó ń yí padà yìí. Ẹ jẹ́ n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí ẹnu mi sinmi.

N ó bẹ̀rẹ̀ níbi tí mo ti kọsẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ wa kọ̀wé bèèrè owó, èmi ni akọ̀wé, mo sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo lọ sílé ìwé. Ojú ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́, yìnyín tó ń yọ́ lókè ayé lọ́hùn-ún ni mò ń sọ, èéfín ilé iṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà, béárì funfun, gbogbo ẹ̀ pátá. Wọ́n dá a padà pẹ̀lú ìlà kan péré: odò wo ni, ibo ló wà, ta ló ń pọn omi níbẹ̀? Ojú tì mí gan-an, torí odò yẹn, ẹ̀yìn ilé wa ló wà, mo mọ oṣù tó máa ń gbẹ, mo mọ ìdílé tó gé igi etí ẹ̀, mo mọ ọmọ tó jìn sínú kànga lọ́dún tí omi ò sí, mi ò sì kọ ọ̀kankan síbẹ̀. Àwọn olówó ti ní ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ yìnyín fún wọn. Ẹni tó mọ odò yín ni wọn ò ní.

Torí náà kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ná. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní owó dà, àbí? Ẹ kó ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí wọ́n jù sílẹ̀ níbi ìgbéyàwó, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lu ihò sí ìdí ẹ̀, ẹ rọ ilẹ̀ sí i, ẹ gbin hóró ọ̀gànwó tàbí apá igba, ẹ ya fọ́tò ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ tún ya á lóṣù kẹta. Igba ọmọ igi tó wà láàyè níwájú ilé alága yín ń sọ̀rọ̀ ju lẹ́tà ojú ìwé ogún lọ, torí owó yìí, iṣẹ́ tó ti ń rìn ló máa ń wá bá.

Ìwé ẹgbẹ́ ló tẹ̀ lé e, n ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Statuts (òfin ẹgbẹ́), règlement intérieur (ìlànà inú ilé), procès-verbal (àkọsílẹ̀) ìpàdé tí ẹ fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, récépissé (ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀) ìjọba láti préfecture, nọ́ńbà IFU láti ilé owó orí, àkáǹtì báǹkì ní orúkọ ẹgbẹ́ tí èèyàn méjì ń fọwọ́ sí. Ará Àjàṣẹ́, préfecture yín ò jìnnà. Ará Kétu, Pobè ni tiyín. Ará Ṣábẹ, ẹ gba Dassa lọ. Ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín kí ẹ bèèrè ìwé tí wọ́n ń gbà lónìí, ẹ má ṣe gbára lé ìwé tí ẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n yín lò lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn. Àkáǹtì báǹkì yẹn ni mo fẹ́ tẹnu mọ́: tí owó bá gba inú MoMo alága wọlé, kódà kí alága jẹ́ ẹni Ọlọ́run, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ta ló wá lówó lọ́wọ́? Èyí tó rọrùn jù fún ẹgbẹ́ abúlé ni ètò microfinancements (owó kékeré) ti FEM, àpò owó àgbáyé fún àyíká, àwọn PNUD, àjọ ìdàgbàsókè ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ní Cotonou ló ń bójú tó o, láti 1992 ni wọ́n ti ń ṣe é káàkiri ayé. Ó pẹ́ tó jẹ́ pé 50,000 dọ́là ni òkè owó tí ẹgbẹ́ kan lè gbà, wọ́n sì tún máa ń ní owó kékeré tí kì í ju 5,000 dọ́là lọ fún ẹgbẹ́ tó ní èrò tó dáa àmọ́ tí ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń to ìwé, ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé èyí wà rárá, ẹ bèèrè ẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan níbí ní Benin ló ń yan ẹni tó máa gbà, àwọn tí kì í ṣe ìjọba ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀, torí náà ẹni tó ń ka ìwé yín lè ti gun zémi kọjá ní abúlé yín rí, ẹ má parọ́. FFEM, àpò owó Faransé fún àyíká àgbáyé, ní Programme de petites initiatives, fún ẹgbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà ni, UICN Faransé, ẹ̀ka àjọ tó ń dáàbò bo ẹranko àti igbó káàkiri ayé, ló ń tọ́jú ẹ̀, ìyẹn fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ẹranko àti igbó gan-an. Níbí náà, FNEC, owó ìjọba tiwa fún àyíká àti ojú ọjọ́, ẹ máa ṣọ́ ìgbà tí wọ́n bá ké sí èèyàn. Tó bá jẹ́ ẹranko kan tó fẹ́ tán lẹ fẹ́ dáàbò bò, bí ọ̀bọ ikùn pupa tó wà nínú igbó ìsàlẹ̀ Benin níbí, owó àjọ Mohamed bin Zayed ti Abu Dhabi wà fún irú ẹ̀, kì í ju 25,000 dọ́là lọ. Àjọ Rufford ti Lọ́ńdọ̀nù máa ń fún ọ̀dọ́ tó ń ṣe ìwádìí lówó, ẹnìkan ló ń gbà á, kì í ṣe ẹgbẹ́, Gẹ̀ẹ́sì sì ni fọ́ọ̀mù ẹ̀. Fonds vert, àpò owó ńlá àgbáyé fún ojú ọjọ́, tí gbogbo èèyàn ń pariwo, tó wà ní Songdo ní Kòríà, ẹ fi sílẹ̀, kì í fún ẹgbẹ́ abúlé lówó lọ́wọ́ sí ọwọ́, àjọ ńlá tó ti gba àṣẹ lọ́dọ̀ wọn ló máa dúró láàárín.

Ó wá ku èrò fúnra ẹ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ẹ mú ibì kan, kó ní orúkọ. Tẹ́ ẹ bá wà létí ọ̀sà Àjàṣẹ́, ẹ kọ ọ́ pé ọ̀sà yín wà nínú àgbègbè Ramsar (ilẹ̀ olómi tó wà nínú àdéhùn àgbáyé) láti ọdún 2000, pẹ̀lú ìsàlẹ̀ odò Wẹ́mẹ̀ àti Nokoué, nọ́ńbà 1018, gbogbo bailleur mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, kò ní gbà ju ìlà kan lọ. Ará Kétu, ẹ sọ bí abúlé yín ṣe jìnnà tó sí igbó ìjọba Dogo-Kétou. Àwọn ará wa lápá Kilibo, Toui-Kilibo nìyẹn, kí ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ èédú níbẹ̀ láìfi bò, torí ẹni tó ń sun èédú kì í ṣe ọ̀tá yín, àna yín ni, tí prójẹ̀ yín ò bá sì sọ nǹkan tí ó máa jẹ láti oṣù kìíní dé oṣù kẹrin, ó máa padà síbẹ̀ ni. Òfin 2018-18 lórí ìyípadà ojú ọjọ́ wà ní Benin níbí, ẹ dárúkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ kọjá lọ.

Ẹ wá ṣọ́ra fún ohun tí ẹ máa ní ẹ fẹ́ kà. Ẹgbẹ́ kan létí omi kọ ọ́ pé àwọn máa kó jacinthe, ewéko burúkú tó ń bo ojú omi yẹn, wọ́n wọn ojú omi ní oṣù kẹwàá tí ìkún omi ń gbé e bọ̀, wọ́n tún wọ̀n ọ́n ní oṣù kejì, ó ti dín kù, inú wọn dùn. Ẹni tó ń ka ràpọ́ọ̀ rẹ́rìn-ín: ọmọ ọ̀sà wo ni ò mọ̀ pé tí omi iyọ̀ bá wọlé lẹ́ẹ̀rùn, jacinthe á kú fúnra ẹ̀? Oṣù kẹwàá pẹ̀lú oṣù kẹwàá ni wọn ì bá fi wéra. Igi náà bẹ́ẹ̀, ẹ má kọ ọ́ pé ẹ máa gbin ẹgbẹ̀rún márùn-ún, gbogbo ayé ló ń gbin igi ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, ọjọ́ igi, pẹ̀lú fọ́tò àti fìlà, ẹ kọ iye tó máa ṣì wà láàyè lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn kejì. Tíìkì náà, mo mọ̀ pé owó ni, bàbá mi náà gbìn ín, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún onírúurú ẹ̀dá kò ní ra oko tíìkì fún yín, ẹ fi ìrókò, apá, ọ̀gànwó síbẹ̀. Kí ẹ sì ka oṣù dáadáa kí ẹ tó kọ ètò: tí owó bá wọlé ní oṣù kọkànlá, òjò ti lọ, ọmọ igi yín ò tíì sí nínú ọ̀rá, ọdún kan ti ṣòfò. Pépinière, ibi tí ẹ ti ń tọ́ ọmọ igi, ní oṣù kìíní àti ìkejì, gbígbìn nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ ní oṣù kẹfà.

Ọ̀rọ̀ igbó Orò ńkọ́? Ìbéèrè yìí pọ̀ jù, mo fẹ́ jókòó tì í díẹ̀. Igbó tó kù lápá ibi púpọ̀ nílẹ̀ wa, Orò ló pa á mọ́, ìjọba fúnra ẹ̀ ti gbé arrêté (ìwé àṣẹ) jáde lórí àwọn igbó bẹ́ẹ̀ ní 2012, bailleur náà ti mọ̀. Ṣùgbọ́n inú fọ́ọ̀mù kan náà ni wọ́n ti máa bèèrè pé obìnrin mélòó ló máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ̀yin sì mọ̀ pé obìnrin kì í wọ igbó Orò. Mo ti rí àwọn tó purọ́, tí wọ́n kọ «ìdajì obìnrin» tí wọ́n sì kó àwọn ìyá dúró sí ẹnu igbó fún fọ́tò, ìjà tó tẹ̀yìn ẹ̀ yọ, ọba ló parí ẹ̀. Kò tó nǹkan tí èèyàn ń purọ́ sí. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn àgbà awo, pẹ̀lú obì àti ọtí, kí wọ́n sọ ibi tí ààlà wà, ibi tí ẹsẹ̀ lè dé àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé. Lẹ́yìn náà ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí: inú igbó, àwọn awo ló ni ín, a ò ní ya fọ́tò, a ò ní ka igi, òde igbó, ní bíi ogójì mítà yí i ká, níbi tí oko àwọn èèyàn ti ń jẹ igbó wọlé, ibẹ̀ ni pépinière máa wà, àwọn obìnrin ló máa ni ín, àwọn ló máa ta ọmọ igi tó bá ṣẹ́ kù, akápò prójẹ̀ á sì jẹ́ obìnrin. Àwa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó bá wa jà lórí ẹ̀. Lẹ́tà ọba tàbí baálẹ̀, lẹ́tà mairie, ẹ so wọ́n mọ́ ọn.

Èdè Faransé ń dẹ́rù bà yín? Ẹ ṣe ìpàdé ní Yorùbá, kí ẹnìkan gbà á sílẹ̀ lórí fóònù, kí àwọn ìyá àti àwọn ọdẹ sọ tẹnu wọn, kí ọmọ iléèwé gíga kan wá kọ ọ́ ní Faransé, àmọ́ kó kà á padà fún yín ní Yorùbá kó tó lọ. Àwa ṣe bẹ́ẹ̀, a rí i pé ọmọ náà ti fi «résilience» sí ibi mọ́kànlá. A yọ mẹ́sàn-án.

Bọ́jẹ́ẹ̀tì wá. Yúrò kan, 655.957 sẹ́fà ni, kì í yí padà, ìyẹn kò ní wàhálà. Dọ́là ló ń gòkè sọ̀kalẹ̀. Ká ní ẹ ṣe ìṣirò 20,000 dọ́là nígbà tó wà ní 620, mílíọ̀nù méjìlá àti 400,000 sẹ́fà nìyẹn. Tó bá fi máa wọlé tó ti di 560, mílíọ̀nù mọ́kànlá àti 200,000 lẹ máa rí, mílíọ̀nù kan àti 200,000 ti fò lọ láìsí olè. Ẹ ṣírò ẹ̀ sí ìsàlẹ̀ díẹ̀. Wọ́n á tún bèèrè pé kí ni ẹ̀yin mú wá, ètò FEM yẹn kì í fojú fo ìyẹn dá. Ẹ má sọ pé ẹ ò ní nǹkan kan. SMIG wa, owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin, jẹ́ 52,000 sẹ́fà lóṣù láti 2023, ẹ pín in sí ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, 2,000 lójúmọ́. Èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ṣiṣẹ́ ogúnjọ́, 600,000 sẹ́fà lẹ ti dá yẹn o, pẹ̀lú ilẹ̀ tí baálẹ̀ fún yín àti yàrá tí ẹ kó irinṣẹ́ sí. Kìkì pé kí orúkọ wà nínú ìwé lójoojúmọ́, pẹ̀lú ìka tẹ̀ẹ́.

Rírà nǹkan máa ń pa ẹgbẹ́ púpọ̀. Tí nǹkan bá tóbi, ẹ gba proforma (ìwé iye owó ọjà kí ẹ tó rà á) lọ́wọ́ oníṣòwò mẹ́ta, kí ẹ sì ra lọ́dọ̀ ẹni tó lè fún yín ní facture normalisée, rìsíìtì tí ilé owó orí mọ̀. Ìyá tó ń ta ìgbẹ́ adìyẹ kò ní ìyẹn, ẹ má dà á láàmú, ẹ kọ décharge, ìwé pé ó ti gba owó: orúkọ ẹ̀, nọ́ńbà CIP (ìwé ìdánimọ̀) ẹ̀, nọ́ńbà fóònù, iye owó ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀, ìka ẹ̀, ọjọ́. Lọ́jọ́ náà gan-an o. Décharge tí wọ́n kọ lóṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, tádàwà kan ṣoṣo lórí ogún ìwé, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò máa rí i.

Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ san owó fáìlì, tàbí kẹ́ ẹ fún òun ní ìdá mẹ́wàá torí òun mọ èèyàn ní Cotonou, gáyìmàn ni, ẹ pa fóònù. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn tí mo dárúkọ lókè yìí tó ń gba owó kí èèyàn tó kọ̀wé.

Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ fi ìmeèlì bèèrè ìdí, lọ́nà ọ̀wọ̀, ọ̀pọ̀ máa ń dáhùn. Tí wọ́n bá gbà, owó kì í wá lẹ́ẹ̀kan, tranche ni, díẹ̀díẹ̀, ràpọ́ọ̀ àkọ́kọ́ ló ń ṣílẹ̀kùn èkejì, torí náà ẹ máa kọ ọ́ lóṣooṣù, ojú ìwé kan tó. Ohun tó bá kú, ẹ sọ pé ó kú: ọmọ igi irínwó wa ni ewúrẹ́ jẹ, a kọ ọ́ síbẹ̀, a ní kí wọ́n jẹ́ ká fi owó pátákó àmì ra wáyà ọgbà, wọ́n gbà. Kí ẹ sì tọ́jú ìwé ìnáwó fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí prójẹ̀ bá parí, torí wọ́n lè padà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Báálì oníderí méjì la rà, ọ̀kan fún reçu, ọ̀kan fún ìwé ìpàdé, orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n wà nílé akápò, wọn ò kan ilẹ̀, ikán pọ̀ lọ́dọ̀ wa.