Ẹ má kàn ra tánkì ńlá: àṣìṣe tó ń ba iṣẹ́ omi ṣúgà ẹ̀gẹ́ jẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ẹ wà l'Ákúrẹ́ níbí tẹ́ẹ ń fi énsáìmù, ìyẹn èròjà tó ń gé sítáàṣì wẹ́wẹ́, sọ sítáàṣì ẹ̀gẹ́ di omi ṣúgà, tó ti jáde dáadáa ní láàbù, tẹ́ẹ wá fẹ́ ṣe ńlá báyìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ní sùúrù ká sọ̀rọ̀ kẹ́ẹ tó náwó. Ríákítọ̀, ìyẹn tánkì tíṣẹ́ yẹn ti ń ṣẹlẹ̀, tó ní asẹ́ tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní mẹ́ńbíréènì nínú ni mò ń sọ. Énsáìmù tóbi, kò lè gba ibẹ̀ kọjá, ṣúgà ló ń jò lọ, énsáìmù yẹn náà á ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni káwọn èèyàn sọ tánkì di ńlá kí wọ́n má fi kún asẹ́. Ẹ wò ó, ká ní lítà 2 lẹ fi bẹ̀rẹ̀, tí lítà 1 ń jáde ní wákàtí kan, ìyẹn ni pé ohun tó wà nínú ẹ̀ ń lo wákàtí 2 kó tó jáde, énsáìmù ráyè gé sítáàṣì. Tẹ́ẹ bá wá gbé lítà 200 kalẹ̀, lítà 100 ló gbọ́dọ̀ máa jáde ní wákàtí kan kí àkókò yẹn má baà yí padà. Tó bá jẹ́ lítà 10 ló ń gba square mítà kan kọjá ní wákàtí kan, square mítà 10 lẹ nílò nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé 0.1 péré ló tó ti kékeré. Ìlọ́po 100 gan-an! Asẹ́ sì wọ́n, torí ẹ̀ lẹlòmíì ṣe ń ra ìdajì, táá wá máa bínú sí énsáìmù.

Tómi ò bá jáde tó, wọ́n á ní kí páǹpù tì í gidi. Rárá o. Á kọ́kọ́ pọ̀ díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ tó bá kọjá ibì kan, ìdọ̀tí àti énsáìmù fúnra ẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ojú asẹ́, bẹ́ẹ ṣe ń tì í ló ń dì sí i. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ̀ pé tí èérí bá ti bo aṣọ, ọwọ́ lèèyàn fi ń rò ó kómi tó lè kọjá. Níbí, omi tó ń sáré gba ojú asẹ́ lọ ló ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ yẹn, ìyẹn ni kẹ́ẹ fi kún.

Ẹ má da sítáàṣì tútù sí i náà. Énsáìmù kan tó ń jẹ́ alpha-amylase ló ń kọ́kọ́ gé e nínú ooru tó tó 90°C, kó tó wá kan èkejì, glucoamylase, tó ń sọ ọ́ di ṣúgà ní nǹkan bíi 60°C, pH (ìwọ̀n bó ṣe kan tó) 4.5. Tí NEPA bá múná lọ láàárín ẹ̀, tí páǹpù dúró, sítáàṣì tí ò tíì gé tán á tutù, á dì sínú asẹ́, torí náà jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kíṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Omi borehole tó ń yọ pupa, ẹ kọ́kọ́ yọ irin inú ẹ̀. Blíìṣì tẹ́ẹ fẹ́ fi fọ asẹ́ ńkọ́? Ẹ ka ìwé asẹ́ yẹn ná, òmíì ò lè fara dà á. Ẹ má sì jẹ́ kí asẹ́ gbẹ láé.

Nọ́ńbà ihò tí wọ́n kọ sára asẹ́ ò dúró sójú kan, torí náà ẹ ra èyí tó kéré dáadáa sí énsáìmù yín, bíi 10 kDa (kDa ni wọ́n fi ń wọn bí mólékù ṣe tóbi tó) fún glucoamylase. Kẹ́ẹ lè mọ̀ bóyá énsáìmù ń jò, ẹ bu díẹ̀ nínú omi tó ń jáde, ẹ pín in sí méjì, ẹ se ọ̀kan kó hó kí énsáìmù tó bá wà nínú ẹ̀ má lè ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ wá fi sítáàṣì tẹ́ẹ ti sè díẹ̀ sí méjèèjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà ní 60°C fún wákàtí mélòó kan, kẹ́ẹ kán áyódìn, tó máa ń sọ sítáàṣì di dúdú, sí i. Tí èyí tẹ́ẹ sè bá dúdú tí èkejì ò dúdú mọ́, énsáìmù yín ti ń bómi lọ nìyẹn.