Tí ajá yín bá ṣàdédé ń gbọ̀n

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Tí ajá tó sáré kiri láàárọ̀ bá ṣàdédé ṣubú, tó ń ta ẹsẹ̀, tí itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀, epo pupa lọ̀pọ̀ wa máa kọ́kọ́ nawọ́ mú. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé e sílẹ̀. Ajá tó ń gbọ̀n ò lè gbé nǹkan mì dáadáa, ẹ̀dọ̀fóró lepo yẹn lè gbà lọ.

Tó bá jẹ́ gìrì, ẹ kó àga àti ohun tó lè forí gbá kúrò, ẹ pa rédíò, ẹ lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn. Ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu o, kò ní gbé ahọ́n ẹ̀ mì, ẹ̀yin ló máa gé jẹ láìmọ̀. Ẹ wo aago. Gìrì kì í sábà ju ìṣẹ́jú 1 sí 3 lọ, tó bá ti kọjá 5 tàbí tó ń ṣe é léraléra, ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ló kàn, kódà kó jẹ́ ọ̀kadà lẹ máa gùn láti Ìyàrà dé Kàbbà. Kẹ́nì kan fi fóònù ya fídíò ẹ̀, torí kẹ́ ẹ tó débẹ̀ ó lè ti dìde, kó máa jùrù bíi pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀.

Tó bá ń bì, tó ń yàgbẹ́ gbuuru, tí ọmọlójú ẹ̀ sún kì bí orí abẹ́rẹ́, ẹ fura sí ọ̀tápiapíà, pàápàá lásìkò tí wọ́n ń kó ẹ̀wà pamọ́ táwọn èèyàn ń fi ẹja dẹ eku. Dókítà ní abẹ́rẹ́ tó ń gbógun tì í, ẹ mú ike oògùn yẹn dání lọ.

Èyí tí mi ò fi ṣeré rárá ni dìgbòlugi. Ajá jẹ́jẹ́ á ṣàdédé máa gé igi jẹ, ohùn ẹ̀ á yí padà, àgbọ̀n ẹ̀ á jábọ̀, á máa wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹ má wò ó lọ́fun bóyá eegun ló há a, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kẹ́ ẹ pe dókítà, àwọn tó ń pa ajá jẹ náà, ẹ fọwọ́ kúrò lára èyí. Tó bá ti gé ẹnì kan jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15, kò séwé, kò sépo, kẹ́ ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ ní ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, torí tí àmì ẹ̀ bá fi lè hàn lára èèyàn, ó ti bọ́ sórí. Ti ajá fúnra ẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n máa ń gún un.